Ètò àjẹsára ara: àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀

Ètò àjẹsára ara ni àkójọpọ̀ àwọn ẹ̀yà ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì àti àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́sowọ́pọ̀ láti dá kòkòrò àrùn dúró, láti pa èyí tí ó bá ti wọlé, àti láti rántí rẹ̀ bí ó bá tún padà wá. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ètò àbò ara. Kò sí ojú kan ṣoṣo nínú ara tí a lè nawọ́ sí pé ibẹ̀ ni ètò yìí wà, bí a ti lè nawọ́ sí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀. Ó wà nínú awọ, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìfun, nínú mùdùnmúdùn egungun àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí àjẹsára, gbẹ́rẹ́ àti ọyún. Àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tò pọ̀ ní ayé òde òní, bí kòkòrò àìfojúrí àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn yòókù jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, bí fáírọ́ọ̀sì àti àǹtíbọ́dì. Mímọ ìyàtọ̀ láàrin wọn kò mọ sí inú kíláàsì nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń ṣọṣẹ́ lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá rò pé gbogbo ibà ni ibà ẹ̀fọn, tàbí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn jẹ́ ohun kan náà, lè pẹ́ jù kí ó tó dé ilé ìwòsàn.

Orísun ọ̀rọ̀ "àjẹsára"

Ọ̀rọ̀ yìí wá láti inú "jẹ sí ara", ìyẹn ohun tí a jẹ tí ó sì dúró sínú ara. Kí ilé ìwòsàn ìgbàlódé tó dé, àjẹsára ni orúkọ oògùn tí àwọn oníṣègùn máa ń sè fún ènìyàn jẹ kí májèlé, oró tàbí iṣẹ́ ọ̀tá má baà ràn án. Gbẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn: a ó fi abẹ sín awọ ara, a ó sì fi ẹ̀tù ra ojú ibẹ̀. Èrò kan náà ló wà nínú méjèèjì, pé a lè mú ara gbáradì ṣáájú kí ewu tó dé. Èrò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún abẹ́rẹ́ tí a ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe ọmọ tí ń ṣàìsàn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ kan yìí ń jẹ́ ìtumọ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni ohun tí a ń fún ènìyàn. Èyí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni a ń kán òmíràn sí. Èkejì ni ipò tí ara wà nígbà tí àrùn kan kò lè ràn án mọ́, tàbí tí kò lè pa á lára púpọ̀. Èyí ni àjẹsára gan-an. Ẹ̀kẹta ni gbogbo ohun tí ó wà nínú ara tí ó ń fún un ní ipò náà. Èyí ni ètò àjẹsára ara. Bí a bá gbọ́ "ètò àjẹsára" lórí rédíò, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi "ara" kún un nígbà tí a bá ń sọ nípa ohun tí ó wà nínú ara ènìyàn.

Ohun tí ara ń bá jà

Kòkòrò àrùn, tàbí kòkòrò àìfojúrí, ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ń fa àìsàn. Oríṣi mẹ́rin ni a sábà máa ń dárúkọ.

Bakitéríà jẹ́ ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ó lè dá wà, tí ó sì lè pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Òun ló ń fa ikọ́ ife àti onígbáméjì. Kì í ṣe gbogbo bakitéríà ló jẹ́ ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ń gbé inú ìfun ènìyàn, wọ́n ń bá a da oúnjẹ, wọn kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún àwọn búburú.

Fáírọ́ọ̀sì kéré ju bakitéríà lọ fíìfíì, kò sì lè pọ̀ sí i àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìgbóná tí a mọ̀ mọ́ Ṣànpọ̀nná, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, measles, kòrónà, éèdì àti ibà Lassa.

Ẹ̀kẹta ni àwọn afòmọ́, tí wọ́n ń jẹ lára ẹni tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Plasmodium tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí ó ń fa ibà. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹbí olú, tí wọ́n ń fa àrùn bí làpálàpá.

Àkóràn ni wíwọ̀ tí kòkòrò àrùn wọ inú ara tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Àkóràn yàtọ̀ sí àìsàn. Ènìyàn lè kó kòkòrò kan, kí ara rẹ̀ sì ṣẹ́gun rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìyàtọ̀ láàrin bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì sì ṣe pàtàkì ní ilé oògùn. Àwọn oògùn tí ń pa bakitéríà, bí amoxicillin àti tetracycline, kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ohunkóhun. Ẹni tí ó bá ń lò wọ́n fún ọ̀fìnkìn ń náwó lásán, ó sì ń kọ́ àwọn bakitéríà inú ara rẹ̀ bí wọn yóò ṣe borí oògùn náà lọ́jọ́ iwájú.

Odi àkọ́kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Awọ ara ni ògiri náà. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ya tàbí jóná, kòkòrò díẹ̀ ló lè gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ibi tí awọ kò bò, bí ojú, imú, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, ní àbò tiwọn. Ikun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń mú kòkòrò mọ́lẹ̀ kí a lè sín in tàbí wú u jáde. Nínú omijé àti itọ́ ni èròjà kan wà tí ó ń fọ́ ara bakitéríà, èyí tí Alexander Fleming ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1922. Omi kíkan inú ikùn sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó bá oúnjẹ wọlé.

Àbò àbínibí

Bí kòkòrò bá gba ojú egbò wọlé, àbò àbínibí ni yóò kọ́kọ́ dìde sí i. Àbínibí ni a pè é nítorí pé a bí i mọ́ ènìyàn, kò sì dúró de ẹ̀kọ́ kankan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀. Kì í wádìí irú kòkòrò tí ó wọlé. Gbogbo ohun tí ó bá ti ní àmì àjèjì ni ó ń kọlù.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, nǹkan bí 4,000 sí 11,000 wọn ló máa ń wà nínú ìwọ̀n kékeré tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà. Èyí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ń kà nígbà tí dókítà bá ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí iye náà bá lọ sókè, ó lè jẹ́ pé ara ń bá kòkòrò jà. Àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí jẹ́ ajẹkòkòrò: wọn a fi ara wọn yí kòkòrò ká, wọn a gbé e mì, wọn a sì dà á nínú ara wọn. Elie Metchnikoff, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ló ṣàkíyèsí èyí ní ọdún 1882 lára ẹ̀dá omi òkun kan. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1908.

Ọyún tí a ń rí lójú egbò jẹ́ ẹ̀rí ìjà yìí. Òkú sẹ́ẹ̀lì funfun, òkú bakitéríà àti omi ara ni ó para pọ̀ di ọyún.

Wíwú ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ibi tí ìjà ti ń lọ. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ yóò fẹ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun lè rí ọ̀nà dé. Ìdí nìyí tí ojú ibẹ̀ fi máa ń pọ́n, tí ó máa ń gbóná, tí ó máa ń wú, tí ó sì máa ń dunni.

Ibà, ní ti ètò yìí, ni gbígbóná tí ara mọ̀ọ́mọ̀ ń gbóná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí ó mú kí ara gbóná, nítorí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í gbádùn ooru náà. Nínú èdè ojoojúmọ́, ibà tún ni orúkọ àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Ìtumọ̀ méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ lọ́kàn ẹni. Ara gbígbóná jẹ́ àmì. Ọ̀pọ̀ àrùn ló sì lè fà á.

Àbò àkẹ́kọ̀ọ́

Bí àbò àbínibí kò bá lè parí iṣẹ́ náà, àbò kejì yóò dìde. Èyí ni àbò àkẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó ní láti kọ́ bí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ti rí kí ó tó lè bá a jà. Ó lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí agbára rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọ́, kì í tètè gbàgbé.

Àǹtíjẹ́ẹ̀nì ni àmì tí ó wà lára kòkòrò, tí ara fi ń dá a mọ̀. Bí ilà ojú ti máa ń sọ ìlú tí ènìyàn ti wá láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àǹtíjẹ́ẹ̀nì ń sọ irú kòkòrò tí ó wọlé.

Àǹtíbọ́dì ni èròjà tí ara ń ṣe láti dì mọ́ àǹtíjẹ́ẹ̀nì kan pàtó. Ó rí bí kọ́kọ́rọ́ tí ó bá àgádágodo kan ṣoṣo mu. Èyí tí a ṣe fún measles kò lè ṣiṣẹ́ fún ìgbóná. Bí ó bá ti dì mọ́ kòkòrò, kòkòrò náà lè má rí ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì mọ́, àwọn ajẹkòkòrò yóò sì tètè rí i gbé mì.

Sẹ́ẹ̀lì B ni ó ń ṣe àǹtíbọ́dì. Lára adìẹ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà B tí ó ń jẹ́ wá láti inú orúkọ àpò kékeré kan tí ó wà ní ìdí adìẹ, níbi tí sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń dàgbà. Ènìyàn kò ní àpò náà; inú mùdùnmúdùn egungun ni tiwa ti ń dàgbà.

Sẹ́ẹ̀lì T kì í ṣe àǹtíbọ́dì. Àwọn kan nínú wọn ń pa sẹ́ẹ̀lì ara tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ̀, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má baà tàn kálẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí ń darí àwọn yòókù. Lẹ́tà T wá láti inú orúkọ thymus, ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn egungun àyà, tí ó tóbi nígbà èwe tí ó sì ń súnkì bí ènìyàn ti ń dàgbà.

Sẹ́ẹ̀lì ìrántí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì B àti T tí wọ́n ṣẹ́kù lẹ́yìn ìjà. Wọ́n lè wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn títí ọjọ́ ikú. Bí kòkòrò kan náà bá padà wá, wọn yóò dìde láàrin ọjọ́ díẹ̀, kí ó tó lè gbilẹ̀. Àwọn ni ìdí tí ẹni tí measles bá ti ṣe rí kì í fi í tún ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn measles fúnra rẹ̀ ní ìwà burúkú kan: ó máa ń pa ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìrántí tí ara ti ní fún àwọn àrùn mìíràn. Ọmọ tí ó bá yè é lè wá di ẹni tí àrùn mìíràn yóò máa dà láàmú fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ibùgbé àwọn sẹ́ẹ̀lì

Inú mùdùnmúdùn egungun ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, pupa àti funfun, ti ń wá. Wọ́n ń pàdé kòkòrò nínú àwọn kókó kéékèèké tí ó wà lọ́rùn, lábẹ́ abíyá àti ní ìtan. Nítorí náà ni kókó ìtan fi máa ń wú nígbà tí egbò bá wà lẹ́sẹ̀: iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ọlọ inú, tí ó wà lápá òsì nísàlẹ̀ egungun ìhà, ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yọ kòkòrò kúrò nínú rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ọlọ inú máa ń bàjẹ́ láti kékeré. Ìdí nìyí tí àkóràn bakitéríà fi ń yára ṣe wọ́n léṣe, tí àwọn dókítà kì í sì í fi ojú kékeré wo ara gbígbóná wọn.

Ọ̀nà tí àjẹsára ń gbà wá

Àjẹsára tí ara fúnra rẹ̀ ṣe ni èyí tí ó wá lẹ́yìn àìsàn tàbí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ń pẹ́ kí ó tó dé, ó sì ń pẹ́ kí ó tó lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń pé pérépéré. Àgbàlagbà tí ó ti ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá láti kékeré ní àjẹsára díẹ̀ sí ibà ẹ̀fọn, tí kì í jẹ́ kí ibà náà tètè pa á. Bí ó bá lọ gbé ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjẹsára náà yóò dínkù, ibà tí ó bá kó nígbà tí ó bá wá kí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé sì lè ṣe é gan-an.

Àjẹsára àyálò ni èyí tí àǹtíbọ́dì ti ara ẹlòmíràn wá. Ọmọ inú oyún ń gba àǹtíbọ́dì ìyá rẹ̀ láti inú ibi ọmọ, lẹ́yìn tí a bá sì bí i, ó ń gba òmíràn nínú omi ọyàn. Omi ọyàn àkọ́kọ́, tí ó máa ń ki tí ó sì máa ń pọ́n díẹ̀, ni ó ní jù. Àwọn kan a máa fún un dànù nítorí pé wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àbò ọmọ náà ni wọ́n ń dà nù. Àjẹsára àyálò kì í pẹ́. Láàrin oṣù díẹ̀ yóò ti tán lára ọmọ, nítorí pé ara ọmọ kọ́ ló kọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fi àǹtíjẹ́ẹ̀nì kòkòrò han ara láìjẹ́ kí ara rí ìjà kòkòrò náà. Ó lè jẹ́ kòkòrò tí a ti sọ di ahẹrẹpẹ, tàbí èyí tí a ti pa, tàbí ẹ̀yà kékeré kan lára rẹ̀. Ara yóò kọ́ ẹ̀kọ́, yóò sì tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ìrántí. Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ lọ́jọ́ tí a fún un ní abẹ́rẹ́, àmì pé ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan tí a mú wá láti Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé ní ìlú òun a máa ń mú omi ojú ìgbóná lára aláìsàn, a ó sì fi í sí ojú sínsín lára ẹni tí kò tíì ṣe, kí ó má baà ṣe é púpọ̀. Nígbà tí ìgbóná jà ní Boston ní ọdún 1721, a dán ọ̀nà yìí wò, àwọn tí a ṣe é fún tí wọ́n sì kú kéré púpọ̀ sí àwọn tí ó mú fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1796, Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo àrùn màlúù tí ó jọ ìgbóná, èyí tí ewu rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́.

Nàìjíríà ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1966, nígbà tí abẹ́rẹ́ ìgbóná kò tó, William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí wọ́n wà ní àyíká aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́, dípò gbogbo ìlú. Àrùn náà dáwọ́ dúró, a sì lo ọgbọ́n yìí káàkiri ayé. Ọdún 1970 ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé ó ti tán láyé. Bákan náà, ní ọdún 1927, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ní ibùdó ìwádìí ní Yábàá, Èkó, mú fáírọ́ọ̀sì ibà apọ́njú láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gánà kan tí ń jẹ́ Asibi. Asibi yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó lọ́dún kan náà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ tí a ṣì ń lò títí di òní.

Ọmọ tí a bí ní Ìta-Ògbólú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, ní ẹ̀tọ́ sí àwọn abẹ́rẹ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ tí a bí ní Èkó, nítorí pé ètò orílẹ̀-èdè ni. Lọ́jọ́ ìbí ni a ń fún un ní ti ikọ́ ife, ti àrùn ẹ̀dọ̀ B àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Yóò tún gba àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ní oṣù kẹsàn-án ni ti measles àti ti ibà apọ́njú, èkejì ti measles sì wà ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tí ti measles fi dúró di oṣù kẹsàn-án ni pé àǹtíbọ́dì tí ọmọ yá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lè dènà abẹ́rẹ́ náà bí ó bá yá jù. Ìdí tí a fi ń tún àwọn kan fún un ni pé ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó fún ara láti rántí dáadáa.

Ààbò àpapọ̀

Bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìlú bá ní àjẹsára sí àrùn kan, kòkòrò náà kò ní rí ẹni tí yóò gbà á kọjá sí ẹlòmíràn. Èyí ni ààbò àpapọ̀. Ó ń dáàbò bo ọmọ tuntun tí kò tíì tó gba abẹ́rẹ́, àti aláìsàn tí ara rẹ̀ kò lè gbà á. Measles ń ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 95 gbọ́dọ̀ ní àjẹsára kí ààbò yìí tó dúró. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Nàìjíríà dá abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí àhesọ. Àrùn náà gbilẹ̀, ó sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti kúrò. Ó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí a tó kéde pé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti tán ní Áfíríkà.

Nígbà tí ètò náà bá ṣìṣe

Ètò àjẹsára ara lè ṣe àṣejù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Alájì ni orúkọ tí a ń pe ìjà tí ara ń bá ohun tí kò léwu jà, bí ẹ̀pà, edé, eruku tàbí oògùn kan. Ó lè jẹ́ ara yíyún lásán, ó sì lè dí ọ̀nà ọ̀fun pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ètò náà tún lè dojú ìjà kọ ara tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Irú rẹ̀ kan ni àìsàn ìtọ̀ ṣúgà tí ó sábà máa ń mú ọmọdé, níbi tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe insulin.

Ó sì lè di aláìlágbára. Kòkòrò HIV ń pa sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́, ìyẹn àwọn olùdarí. Bí iye wọn bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn àrùn tí ara ìbá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, bí ikọ́ ife, ni yóò máa pa ènìyàn. Ipò yìí ni a ń pè ní éèdì. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn HIV déédéé kì í dé ipò náà.

Ibà Lassa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó

Ibà Lassa fi hàn bí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló sì ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Gààrí tàbí ẹ̀lùbọ́ tí a sá sí gbangba, tí eku sì tọ̀ sí, lè di ọ̀nà àkóràn. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń pọ̀ jù sí ní Nàìjíríà, pàápàá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ibùdó ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 1969 kan náà, Jordi Casals, onímọ̀ ní Yunifásítì Yale, kó fáírọ́ọ̀sì yìí nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. A fún un ní omi ẹ̀jẹ̀ Penny Pinneo, nọ́ọ̀sì tí ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà tí ó sì yè. Casals yè pẹ̀lú. Àjẹsára àyálò ni ohun tí a fún un yìí. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e kò fi hàn pé ọ̀nà yìí ṣeé gbójú lé fún gbogbo aláìsàn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì T ló ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú ìwòsàn ibà Lassa, kì í ṣe àǹtíbọ́dì.

Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá kó fáírọ́ọ̀sì náà, nǹkan bí mẹ́jọ ni kò ní ṣàìsàn rárá tàbí tí àìsàn wọn kò ní le. Ètò àjẹsára ara wọn ti borí rẹ̀. Lára àwọn yòókù, ó lè pani, ó sì lè sọ ẹni tí ó yè di adití. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ọ̀fun dídùn, láàrin ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn àkóràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ojú fi lè yà á sọ́tọ̀ sí ibà ẹ̀fọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí ń lọ. Oògùn ribavirin ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, èyí sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí oògùn ibà ẹ̀fọn kò bá mú ara gbígbóná lọ láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àyẹ̀wò ló kàn, kì í ṣe oògùn ibà mìíràn.